Pysanka: Ẹyin Kíkọ ní Ilẹ̀ Ukréìn àti Ìṣòro Ìtumọ̀ Rẹ̀

Láàrin àwọn iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ilẹ̀ Ukréìn, pysanka wà lára èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ẹyin tí wọ́n ń fi ọnà sí lára fún Ọdún Àjíǹde ni. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe 'pysaty', tó túmọ̀ sí 'kọ', ni orúkọ náà ti jáde. Wọn kì í kun ẹyin yìí. Wọ́n ń kọ ọ́ ni. Yorùbá tó ń kọ ìwé, tó sì ń kọ ilà, kò ní ṣàì lóye èyí. Bí ó bá sì jẹ́ kíkọ, ó di dandan kí lámèyítọ́ béèrè bí ó ṣe yẹ ní kíkà.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n to àwọn àmì lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n sì so ìtumọ̀ kan ṣoṣo mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: oòrùn fún ìyè, àlìkámà fún ìkórè, ẹja fún Kristi. Ṣùgbọ́n àmì onígun mẹ́ta tí àwọn kan kà sí Mẹ́talọ́kan ni àwọn mìíràn kà sí afẹ́fẹ́, iná àti omi. Ẹni tó bá fi ìtumọ̀ kan dè é mọ́lẹ̀ dà bí ẹni tó ń túmọ̀ àrokò láìbéèrè ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí.

Irú kíkà bẹ́ẹ̀ ń fo ọgbọ́n inú iṣẹ́ náà dá. Kistka, ọ̀pá kékeré tó ní ẹnu irin bí àrọ, ni wọ́n fi ń fa ìda oyin yíyọ́ sára ẹyin funfun. Ibi tí ìda bá bò ni yóò wà ní funfun nígbà tí wọ́n bá rì í sínú àwọ̀ ìyeyè. Wọn yóò tún fi ìda bo ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó rì í sínú pupa, títí yóò fi kan dúdú. Aládìrẹ tó ń fi ẹ̀kọ dènà aró mọ irú ọgbọ́n yìí. Ní ìparí, ẹyin náà yóò dúdú, yóò rí jágbajàgba. Ẹ̀gbẹ́ iná àbẹ́là ni ìda ti ń yọ́, tí gbogbo àwọ̀ yóò sì hàn. Akọ̀wé rẹ̀ kò rí ojú iṣẹ́ náà tán kó tó parí. Inú ọkàn ló ti ń kà á. Títò àwọ̀ tẹ̀lé ara wọn, láti orí funfun dé dúdú, ni gírámà rẹ̀.

Ìjọba Sófíẹ̀tì tẹ pysanka rì nítorí ẹ̀sìn tó so mọ́ ọn. Àwọn ọmọ Ukréìn tó ṣí lọ sí Kánádà àti Amẹ́ríkà kò jẹ́ kó parun. Ní 1975, ìlú Vegreville ní Kánádà gbé ràgàjì pysanka kan kalẹ̀ ní gbangba. Ní 2000, wọ́n kọ́ mùsíọ́ọ̀mù tó rí bí ẹyin fún un ní Kolomyia. Ní 2024, UNESCO kà á mọ́ ogún àṣà aráyé.

Láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti gbógun ńlá wọ Ukréìn ní 2022, kò yani lẹ́nu pé pysanka di àsíá ìdánimọ̀. Àsíá nílò ìtumọ̀ kan ṣoṣo; iṣẹ́ ọnà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn ni pysanka láàrin ẹbí àti ọ̀rẹ́. Bí àtẹ àmì bá gba ipò abúlé tó kọ ọ́, ọwọ́ tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbà á, èèpo nìkan ni yóò ṣẹ́kù fún òǹkàwé.