Eré Ni àbí Tẹ́tẹ́? Àyẹ̀wò Ojú-Ìwòye Àwọn Eléré Géèmù ní Agbègbè Aláúsá

1. Ìfáárà

Bí a bá mẹ́nu ba eré láàrin àwọn onílámèyítọ́, eré orí ìtàgé ni ọkàn wọn kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Ayò ọlọ́pọ́n náà ní àyè tirẹ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ láwùjọ. Ṣùgbọ́n eré géèmù, tí a ń fi páàdì gbá lójú tẹlifíṣàn, ni àwọn àgbà sábà máa ń kà sí ohun ìṣeré ọmọdé tàbí ìwà ọ̀lẹ. Nítorí bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn tí ó ń gbá a bá sọ nípa rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ etí àgbà. Ète iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ojú-ìwòye wọn wò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ibo ni eré parí sí, ibo sì ni tẹ́tẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ẹ̀sùn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kan àwọn tí ó ń ṣe géèmù tà kì í ṣe èrò àjèjì. Òṣùwọ̀n ayò ni, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí méjì ni agbègbè Aláúsá fi yẹ fún irú àyẹ̀wò yìí. Èkíní ni pé ibẹ̀ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin tí ó de tẹ́tẹ́. Èkejì ni pé láti Àgìdìngbì dé Ọgbà, títí wọ Agége, ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni ó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ilé géèmù sì wà láàrin wọn. Yàrá kan ṣoṣo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́: tẹlifíṣàn mélòó kan, ẹ̀rọ PlayStation, bẹ́ǹṣì, àti jẹnẹrétọ̀ tí ó ń kùn lẹ́yìn ilé. Iye ìgbà tí a bá gbá ni a ó san owó rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà yóò dìde, ẹlòmíràn yóò gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó jókòó tì wọ́n kì í dákẹ́. Wọ́n ń yin ọ̀ta, wọ́n ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń ṣe àríyànjiyàn lórí ìròyìn géèmù tuntun tí wọ́n kà lórí fóònù.

2. Ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà, ‘gaming’, ni ó dúró fún eré orí ẹ̀rọ àti fún tẹ́tẹ́. Nínú èdè òfin, ìtumọ̀ kejì ni ó gbilẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun fi òfin de àwọn ẹ̀rọ kàlòkàlò ní 1977, ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà nínú orúkọ òfin náà. Ní 2021, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tuntun lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi sí orúkọ àjọ tí yóò máa bójú tó o. Ẹjọ́ tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀ ní 2008 lórí ẹni tí ó ní àṣẹ lórí lọ́tìrì ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tí ó fi wọ́gi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti 2005. Àṣẹ náà wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Nítorí náà, ìtumọ̀ tí wọ́n bá fún ọ̀rọ̀ yìí ní Aláúsá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Èdè Yorùbá kò ní ìdààmú yìí. Ọ̀tọ̀ ni eré, ọ̀tọ̀ ni tẹ́tẹ́. Ẹni tí ó ń ta ayò kì í ṣe atatẹ́tẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, ‘ta’, ni a ń lò fún méjèèjì. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú bí a ṣe gbé eré náà kalẹ̀, kì í ṣe nínú orúkọ nìkan.

3. Òṣùwọ̀n ayò

Ojú méjìlá ni ọpọ́n ayò ní, mẹ́fà mẹ́fà fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin ni ó ń wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 48 lápapọ̀. A lè rí òṣùwọ̀n mẹ́ta fà yọ nínú ètò yìí. Èkíní ni ìdọ́gba: ọba àti tálákà, ọmọ mẹ́rìnlélógún ni olúkúlùkù yóò fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi owó ra kún un. Èkejì ni gbangba: gbogbo ọmọ ayò wà lójú ọpọ́n, ẹni tí ó bá lè kà á yóò kà á. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́: èrò inú àti ọwọ́ atayò ni ó ń pinnu ẹni tí yóò jẹ, kì í ṣe oríire.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nílé géèmù, eré gidi ni. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà wà níwájú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá wù ú lè mú èyí tí ó lágbára jù, kí ẹnìkejì rẹ̀ náà sì mú un. Ohun gbogbo hàn sójú tẹlifíṣàn. Ọwọ́ ni ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀ọ́kán níbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù tí kò sí láyé ni ó ń sáré níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa yóò rò pé géèmù ni. Síbẹ̀, kò sí páàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n dì mú. Ọwọ́ ti kúrò níbẹ̀, tẹ́tẹ́ ni ó kù.

4. Páàkì àti ẹ̀sùn àwọn eléré

Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí tẹ́tẹ́ bá wọ inú eré fúnra rẹ̀. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ Electronic Arts ti Amẹ́ríkà, tí a mọ̀ sí FIFA kí orúkọ rẹ̀ tó di EA Sports FC ní 2023, ọ̀nà ìgbá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ultimate Team. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Níbẹ̀, olúkúlùkù ni yóò kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ. Ó lè fi ìgbá rẹ̀ jèrè agbábọ́ọ̀lù. Ó sì lè fi owó gidi ra páàkì, èyíinì ni ìdì tí a dì pa, tí agbábọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ó lè bá ògbóǹtarìgì níbẹ̀, ó sì lè bá ẹni tí kò wúlò fún un. Nígbà tí géèmù ọdún tí ó tẹ̀ lé e bá jáde, òfo ni yóò tún fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí àwọn eléré fi ń kan páàkì ni pé owó ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Bí a bá fi èdè ayò sọ ọ́, ẹnìkan ra ọmọ ayò kún tirẹ̀, ó sì rà á láìmọ iye tí ó wà nínú àpò. Ìdọ́gba bàjẹ́, gbangba sì bàjẹ́.

Kì í ṣe agbègbè yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti dìde. Ní 2018, àjọ tí ó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé irú páàkì bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ilé-iṣẹ́ náà dẹ́kun títa owó inú géèmù tí wọ́n fi ń rà á lọ́hùn-ún. Àjọ ti Netherlands bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 yúrò lé e, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ fagi lé ìtanràn náà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé páàkì jẹ́ apá kan eré tí ó tóbi jù ú lọ, eré ọwọ́ ni eré náà sì jẹ́. A rí i pé òṣùwọ̀n ọwọ́ ni àwọn adájọ́ náà lò. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bèèrè ni ti ìdọ́gba.

Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbìyànjú àtúnṣe. Láti 2018 ni ó ti ń fi hàn bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí a rí irú agbábọ́ọ̀lù kan; ní 2021, ó jẹ́ kí eléré lè wo inú àwọn páàkì kan kí ó tó sanwó. Àtúnṣe gbangba nìyẹn. Ṣùgbọ́n àpò tí a ṣí sílẹ̀ kí a tó rà á kò sọ ọmọ ayò àwọn méjèèjì di ọgbọọgba.

5. Àbùkù inú ojú-ìwòye náà

Kò yẹ kí lámèyítọ́ gbè sẹ́yìn ọ̀dọ́ pátápátá. Ní ọ̀pọ̀ ilé géèmù, ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò san owó ìgbá àwọn méjèèjì. A lè sọ pé tẹ́tẹ́ kọ́ nìyẹn, nítorí pé onílé ni owó náà ń lọ bá, ẹni tí ó borí kò mú kọ́bọ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹwòran bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sórí ẹni tí yóò borí, wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn mú tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè jà lé lórí wọlé. Ìbẹ̀rù àwọn òbí náà kì í ṣe asán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi àìlèkóra-ẹni-níjàánu nídìí géèmù kún àkójọ àrùn rẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, tí lílò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Eré tí ó dọ́gba lè gba àkókò ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí èyí tí kò dọ́gba.

6. Ìkádìí

Àbùkù wọ̀nyí kò pa kókó náà run. Bí àgbà bá sọ pé tẹ́tẹ́ ni gbogbo géèmù, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnu tí ì bá bá a tọ́ka sí ibi tí tẹ́tẹ́ wà gan-an. Ọmọ tí a lé jáde nílé géèmù lè yà sí ilé tẹ́tẹ́ tí ó wà ní ọ̀ọ́kán, kí a sì rò pé ibì kan náà ni. Àwọn tí ó ń ṣe òfin ní Aláúsá ní ọ̀rọ̀ méjì lédè Yorùbá níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fún wọn ní ẹyọ kan; ó yẹ kí wọ́n lò ó. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé géèmù sì ti ń lo òṣùwọ̀n tí àwọn baba wọn fi sílẹ̀ nídìí ọpọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, etí àgbà ni ó kù kí ó tẹ́ sílẹ̀.