Èèkù Tí A Fọwọ́ Ara Ẹni Ṣe

Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ bá rọ kì í ní èèkù. Irin lásán ni, ìrù rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ilé ni olówó rẹ̀ ti ń parí rẹ̀. Ní Oǹdó, ìlú tó ń ṣọdún Ògún lọ́dọọdún, iṣẹ́ yìí tọ́ sí oríyìn.

Àgbẹ̀ kòkó á gé ẹ̀ka gúáfà, á jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Igi náà yi, kì í tètè là. Á ki ìrù ọ̀bẹ bọná títí yóò fi pọ́n yòò, á wá tì í bọ àárín igi. Èéfín á sọ, irin á sì fúnra rẹ̀ jó ihò tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀. (Ẹni tó bá kánjú lo igi tútù, èèkù rẹ̀ á máa mì bí eyín arúgbó.) Àfọ́kù ìgò ni wọ́n fi ń fá a kó lè jọ̀lọ̀. Wọ́n á wé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, kí omi kòkó má baà mú un yọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀bẹ ilé-iṣẹ́ tó ti ní èèkù kún Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, ó sì dùn-ún wò, àmọ́ kò mọ ọwọ́ ẹnì kankan. Àgbẹ̀ kan tí mo mọ̀ kì í yáni ní tirẹ̀: ọwọ́ òsì ló ń lò, ibi tó gbẹ́ fún àtàǹpàkò rẹ̀ kò bá ti ẹlòmíràn mu.