Ìjà Tí Wọ́n Fi Ohùn Jà

Láti Dapoya ní Ouagadougou dé Laongo, ìrìn náà tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Ibẹ̀ ni Christoph Schlingensief, olùdarí eré ará Jámánì, ti fi ìpìlẹ̀ abúlé opera lélẹ̀ ní oṣù Èrèlé 2010. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ló yàwòrán ilé rẹ̀. Schlingensief kú lọ́dún náà. Ilé-ìwé ló kọ́kọ́ dìde, kì í ṣe gbọ̀ngàn eré.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní Òṣogbo ní Nàìjíríà, Dúró Ládípọ̀ òǹkọ̀wé eré kò dúró de gbọ̀ngàn. Ilé ọtí rẹ̀ ló sọ di ilé àṣà Mbárí Mbáyọ̀ ní 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì. Olùkọ́ ni Ládípọ̀, orin ìjọ ló sì fi bẹ̀rẹ̀, kí àwọn àgbà ìjọ tó fapá jánú pé ó gbé ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Eré rẹ̀ Ọba Mọ́rọ̀ ló fi ṣílé. Nígbà tí ilé náà pé ọdún kan, Ọba Kò So, eré rẹ̀ lórí Ṣàngó ọba Ọ̀yọ́, ti délẹ̀.

Ibi tí mo kúndùn jù nínú rẹ̀ ni ìjà àkọ́kọ́ láàárín Gbọ̀nkáà àti Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, àwọn jagunjagun Ṣàngó. Ẹlòmíì ì bá jẹ́ kí wọ́n fi idà parí ẹ̀. Ládípọ̀ fi ọfọ̀ sí wọn lẹ́nu. Tìmì ní ọfà iná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni Gbọ̀nkáà ń tò lé ọ̀rọ̀, awẹ́ gbólóhùn kan ń gun èkejì lẹ́yìn, títí tó fi kun ọkùnrin ogun náà lóorun lójúde. Ẹ̀jẹ̀ kò kán sílẹ̀. Síbẹ̀ òǹwòran mọ ẹni tó ṣẹ́gun.

Ìlù bàtá inú eré náà kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn fi ń gbe orin. Ìyáàlù á ki Ṣàngó, òṣèré á gbè é, ẹsẹ̀ oníjó á máa tọ ẹnu ìlù. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, irun dídì lórí, iná lẹ́nu. Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ń ṣe Ọya. Iná yẹn làwọn èèyàn ń ròyìn jù. Èmi ò bá wọn pẹ́ nídìí ẹ̀: àwọn onídán náà lè yọ iná lẹ́nu, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló lè ki ọba débi tí àánú rẹ̀ á fi ṣe wá lẹ́yìn gbogbo ìkà tó ṣe?

Wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní 1964, wọ́n sì dé Ìlú Ọba lọ́dún tó tẹ̀lé e, síwájú àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí Ládípọ̀ kú ní 1978, Abíọ́dún ló ń bá Ọba Kò So lọ.