Ìbẹ̀rù Gègé àti Ọgbọ́n Àkàrà-ògùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí fún ẹni tí kò rí àléébù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní apá kejì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà kíyè sí: bí ọ̀nà náà tilẹ̀ wọ́, ó ti là. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀bá igbó títí tí ọ̀nà yóò fi tọ́ lọ́kàn rẹ̀ kò ní ọ̀nà kankan tí yóò tún ṣe.

Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé, á ro àròjinlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kan kíkọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, á kọ gbólóhùn kan, á fà á ya, á kọ òmíràn, á tún fà á ya. Àwọn kan a ní ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ó ń fi gbólóhùn àkọ́kọ́ tirẹ̀ wé ìwé tí àwọn àgbà ti kọ ní àkọtúnkọ kí ó tó di títẹ̀.

Ìdáhùn kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tí ó jáde ní 1938. Àkàrà-ògùn wá bá akọ̀wé, ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ń ba bàbá náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù àṣìkọ. Ẹ̀rù àìkọ ni, kí ikú má baà mú un lọ kí ìtàn náà tó di mímọ̀. Ìtàn ọ̀hún kò sì parí ní ìjókòó kan: ó sọ ìwọ̀n tí ó lè sọ, ó lọ, ó sì padà wá ní ọjọ́ kejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìtàn àròsọ lásán nìyẹn, kí ó wo ti Àlùfáà Samuel Johnson. Ní 1897 ni ó parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ẹ̀dà tí a fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó sọnù, òǹkọ̀wé sì kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ jákujàku tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Èyí tí ó pé ni ó sọnù; jákujàku ni ó gba ìtàn náà là.

Èyí kò sọ iṣẹ́ wúruwùru di iṣẹ́ rere. Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Kò dúró di ìgbà tí yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ jọ. Ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó sì tún un tẹ̀ ní 1852.

Ẹ̀bi náà kan olùkọ́ pẹ̀lú. Olùkọ́ tí kì í wo iṣẹ́ àfi ìgbà tí ó bá parí, tí yóò wá fi yíǹkì pupa bò ó, ń bu epo sí iná ìbẹ̀rù ni. Bí ó bá ń gba orí kọ̀ọ̀kan bí ó ti rí, tí ó ń tọ́ka sí ibi tí ó wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ pé àtúnṣe kì í ṣe ìtìjú. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.