Ọwọ́ Oníṣẹ́ Sólà

Síso páńẹ́lì sólà mọ́ bátìrì alágbèéká ń fẹ́ sùúrù ju agbára lọ. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, ni irú bátìrì báyìí ti túbọ̀ ń wúlò fún ará Mọ́níyà, Lálúpọn àti Àkànrán ní agbègbè Ìbàdàn.

Ẹ̀yìn páńẹ́lì ni ọ̀jáfáfá kọ́kọ́ ń yí wò, níbi tí wọ́n kọ fóltì rẹ̀ sí. Bí páńẹ́lì méjì tó ní fóltì 22 bá tò tẹ̀lé ara wọn, 44 ló ń jáde. Bátìrì tí kò gbà ju fóltì 30 lọ lè jóná níbẹ̀. Bí wọ́n bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, fóltì kò yí padà, iná tó ń ṣàn nínú wáyà ló ń pọ̀ sí i. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òtútù tún lè fi díẹ̀ kún fóltì, nítorí náà ó yẹ kí àyè wà láàrin fóltì páńẹ́lì àti èyí tí bátìrì lè gbà.

Mítà ni ọ̀jáfáfá fi ń mọ pósítíìfù yàtọ̀ sí nẹ́gétíìfù. Àwọ̀ wáyà a máa purọ́. Lẹ́yìn náà ló ń da aṣọ tó nípọn bo páńẹ́lì kó tó so ó, torí oòrùn kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Ìta ni páńẹ́lì máa ń wà. Abẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni ti bátìrì.