Ẹ̀kọ́ Tó Ju Gírámà Lọ
Mo gbóríyìn fún àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn àlejò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Bìrìtéènì. Wo ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń pe ilé ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á di aláìsàn, èkejì á di òṣìṣẹ́ tó ń gbé fóònù, wọ́n á kẹ̀yìn síra wọn kí wọ́n má baà rí ojú ara wọn. Òṣìṣẹ́ á béèrè ohun tó ń ṣe aláìsàn. Kí ẹni tí kì í ṣe dókítà máa béèrè irú ìyẹn lè dà bí àfojúdi. Olùkọ́ á ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró.

Ó tún lè ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa pe òun lórúkọ. Nílé tiwa náà, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ nílùú wọn, á sì fetí sílẹ̀ dáadáa.

Láti 2005 ni ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú Bìrìtéènì ti ń ṣe ìdánwò nípa ìgbésí ayé ibẹ̀: ìbéèrè 24, ìṣẹ́jú 45. Èèyàn lè há ìyẹn sórí. Èyí tí olùkọ́ ń kọ́ni yìí kò ṣeé há sórí.