Gèlè Kì í Ṣe Oògùn Ìbànújẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ọmọdé tó ń fi aṣọ yangàn la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ó gba ọ̀nà mìíràn yé mi: àkísà àgbà kì í ṣe ẹrù lásán, ìtàn ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, ni mo sìn lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì tíì pé ọdún méjì tí ọkọ wọn kú. Ìwòsàn ọkàn àti ìmúra àgbàlagbà obìnrin ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lé. Olùkọ́ gbàdúrà, ó ka Bíbélì, ó wá kó oríṣiríṣi aṣọ jáde, ó ń nà án sí abẹ́ àgbọ̀n àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè mọ àwọ̀ tó yẹ wọ́n. Nígbà tó kan Màmá Àgbà, ó wo ẹtù tí wọ́n ró, ó ní, "Màmá, ẹ kó gbogbo aṣọ dúdú yìí dànù. Inú wọn ni ẹ̀mí ìbànújẹ́ ń gbé. Ẹ wọ aṣọ tó tàn, inú yín á dùn." Gbogbo ilé ké "Àmín!" Kí n tó mumi tán nígbà tí a délé, Màmá ti ń di ẹtù náà sínú àpò. Wọ́n ní, "Ta ni kí n gbé e fún?"

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún olùkọ́ yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó mọ ìmúra. Ó ní gèlè líle gàgàrà tí àwọn ọmọge ń wé ń da ọrùn àgbà láàmú. Ó mú gèlè rírọ̀ aláwọ̀ píǹkì, ó wé e sílẹ̀ díẹ̀ fún Màmá. Ó ní léèsì tó ń dán yòò máa ń gba ojú ènìyàn mọ́ra, tí wọn ò ní rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Mo rí i tí ojú Màmá tàn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tún gèlè wọn ṣe. Bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ opó, tó sọ fún un pé ó ṣì lẹ́wà, oore kékeré kọ́ nìyẹn o.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àmúlùmálà ni ẹ̀kọ́ náà, ọ̀nà méjì ni mo sì rí i pé ó ti wá. Àwọn bí Agnes Sanford ló la ti àkọ́kọ́. Ìyàwó àlùfáà ní Amẹ́ríkà ni, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá òun náà fínra gan-an, ó sì kọ ìwé The Healing Light ní 1947. David Seamands náà kọ Healing for Damaged Emotions ní 1981. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọgbẹ́ tó fara pamọ́ sínú ìrántí, kí a gbé e jáde síwájú Ọlọ́run kí ó lè jinná.

Ọ̀nà kejì kì í ṣe ti àdúrà. Carole Jackson ló kọ Color Me Beautiful ní 1980. Ó fi àwọ̀ ara, irun àti ẹyinjú pín àwọn obìnrin sí ìgbà mẹ́rin inú ọdún àwọn òyìnbó. Ìgbà òtútù ló kó ọ̀pọ̀ jù lọ aláwọ̀ dúdú sí. Àwa tí a mọ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn! Adúmáadán àti apọ́nbéporẹ́, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Síbẹ̀, ẹni ìgbà òtútù gan-an ni ìwé náà gbà láyè pé kí ó wọ aṣọ dúdú. Níbo ni ẹ̀mí ìbànújẹ́ ti wá bá aṣọ?

Ní ìpàdé tí mo ń wí yìí, ọ̀nà kejì ti gbé ti àkọ́kọ́ mì. "Ẹ gbé ọgbẹ́ jáde" ti sọnù. "Ẹ gbé aṣọ jáde" ló kù.

Lóòótọ́, aṣọ dúdú ni ọ̀pọ̀ opó ń wọ̀ nígbà ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ẹtù kì í ṣe aṣọ ọ̀fọ̀. Ẹtù, sányán àti àlàárì ni aṣáájú láàárín aṣọ òkè wa. Òwú tí wọ́n rẹ sínú aró ni wọ́n fi ń hun ẹtù, ìlà funfun tín-ín-rín á sì wà lára rẹ̀, bí ara ẹyẹ ẹtù tó ń jẹ́ orúkọ mọ́. Aṣọ iyì ni.

Olùkọ́ fi ìwé Rúùtù gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, pé Náómì ló ní kí Rúùtù wẹ̀, kí ó kun òróró, kí ó wọṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni, orí kẹta. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá àgbà inú ìtàn náà? Ṣebí Náómì ni. Rúùtù ni opó tó ṣì kéré, tó ń lọ bá Bóásì. Nígbà tí Náómì padà dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí ọkọ àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ti kú, ó sọ fún àwọn obìnrin ìlú pé kí wọ́n máa pe òun ní Márà, nítorí ayé òun ti korò. A ò kà á pé ẹnì kan ní kó dákẹ́. A ò kà á pé ó pààrọ̀ aṣọ. Ọkà báálì tí Rúùtù ń gbé wálé la kà, àti àwọn aládùúgbò tó bá a yọ̀ nígbà tó gbé ọmọ sí àyà. Dáfídì náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ilẹ̀ ló ń sùn, tó ń gbààwẹ̀. Ìgbà tó ṣe ìyẹn tán ló wẹ̀, tó pààrọ̀ aṣọ. Aṣọ ló kẹ́yìn.

Wákàtí mẹ́ta la lò ní ìpàdé náà. Kò sí ẹni tó bi Màmá Àgbà pé kí ni orúkọ ọkọ wọn.

Èmi náà ò tíì bi wọ́n ní ohun kan rí. Mo wá gba àpò náà lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Màmá, níbo lẹ ti rí ẹtù yìí?" Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ọkọ àwọn ló ní kí wọ́n hun ún ní Ìṣẹ́yìn fún ìgbéyàwó àkọ́bí àwọn, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń san owó rẹ̀. Wọ́n ní bàbá fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun yan ẹtù kí ọbẹ̀ tí àwọn máa ń dà sára níbi àríyá má baà hàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bú sẹ́kún. N kò ní kí wọ́n dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá ró ẹtù wọn, wọ́n sì wé gèlè píǹkì olùkọ́ lé e. Ó yẹ wọ́n púpọ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ má pa ẹ̀kọ́ ìmúra tì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na aṣọ sí abẹ́ àgbọ̀n opó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló kú fún un, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ. Bí ẹ bá rí i pé ìbànújẹ́ kò jẹ́ kó jẹun, kò jẹ́ kó sùn, ẹ bá a gbàdúrà, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà. Lẹ́yìn náà, ẹ wé gèlè fún un.